Ìdérí Pupa Méje

Ìdajì ìdérí ló fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní odindi ìgò ni ìdánwò gbé wá bá a ni, ìbá ti sá. Ṣùgbọ́n ta ló ń sá fún ìdajì ìdérí?

Aránṣọ ni obìnrin náà, káfíńtà sì ni ọkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà tí kì í sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ni dókítà ti sọ orúkọ ohun tó ń ṣe é fún wọn: ọ́tísìmù. Dókítà ní kì í ṣe àìsàn tí wọ́n ń wò sàn. Ó ní bí wọ́n ṣe dá ọpọlọ ọmọ náà nìyẹn, pé ìró tó kéré létí ẹlòmíràn lè dà bí ààrá létí tirẹ̀, kí wọ́n yáa kọ́ èdè rẹ̀ dípò kí wọ́n máa dúró dè é kó wá kọ́ tiwọn.

Wọ́n sì ń kọ́ ọ. Ife búlúù kan ló fi ń mu omi. Bí o bá fi òmíràn gbé omi fún un, á gbà kí òùngbẹ pa òun. Ohunkóhun tó bá rí tó rí róbótó, títò ni yóò tò ó: bọ́tìnì, róòlù òwú tó ti tán, ìdérí bírò. Ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi ń pè é ní Atòlẹ́sẹẹsẹ, tó sì kan àpótí pẹlẹbẹ kan fún un tí yóò máa tò wọ́n sí. Bí inú ọmọ náà bá dùn, yóò di ìyá rẹ̀ mú lọ́rùn ọwọ́, yóò fà á lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́, yóò gbé ọwọ́ náà lé kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ pé kó yí i. Ẹ̀rọ yẹn kò dùn ún létí rí.

Ẹ̀rọ tuntun ló dá wàhálà sílẹ̀. Iná ló ń lò, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa gbá etí aṣọ kó má baà tú. Káfíńtà ti kìlọ̀ kí wọ́n tó rà á.

Ó ní, "Mo gbọ́ ìró rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ilé wa kéré o."

Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ayùn la pákó látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yin náà ni ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ń bà lẹ́rù?"

Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ wọlé. Kò pẹ́ sígbà náà, ilé ìwòsàn tó wà nítòsí gbé iṣẹ́ fún aránṣọ: ọgọ́ta aṣọ nọ́ọ̀sì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò dé ọwọ́ rẹ̀ rí.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tẹ ẹ̀rọ náà, Atòlẹ́sẹẹsẹ ké bí ẹni tí iná jó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ògiri. Bí ìyá rẹ̀ bá pa ẹ̀rọ, á dákẹ́. Bí ó bá tún tan án, ó di igbe.

Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n rí ẹni bá wọn mú un. Ìyá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ fífọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ni, Màmá Onígíláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, Màmá á dé lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ti ilé ìwé dé, á mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ìyá àti ọmọ àti ẹ̀rọ ló ń wà nínú yàrá kan náà.

Ìyá tó ń gbé lókè ilé wọn yọrí lójú fèrèsé ní Ọjọ́bọ̀ kan. "Ìyàwó, ṣé ẹran lò ń pa níbẹ̀ ni àbí ọmọ lò ń tọ́?"

 Aránṣọ wo ògiri tí orí ọmọ rẹ̀ ti fi àmì sí, ó wo aṣọ tó wà nílẹ̀, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì iṣẹ́ náà, ọ̀fìnkìn mú ọmọ. Ọ̀fìnkìn gidi ni. Wọ́n ra oògùn ìgò kan fún un, olómi, adùn bíi ṣúgà, ìdérí pupa. Ẹni tó tà á ní ìdajì ìdérí ni kí wọ́n fún un, pé á mú un sùn díẹ̀. Aránṣọ dà á sínú omi ọsàn nínú ife búlúù. Wákàtí mẹ́ta ni ọmọ fi sùn. Ẹ̀rọ pariwo títí, kò mira.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ó ti gbá etí aṣọ mẹ́sàn-án. Ìyá òkè bá a pàdé lórí àtẹ̀gùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ilé yín dákẹ́ lónìí bíi yàrá ìdánwò. O ṣe mí lóore o, ìyàwó."

Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yin obìnrin náà nítorí ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀fìnkìn lọ. Oògùn kò lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó dúró síwájú ife búlúù, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Lẹ́ẹ̀kan yìí nìkan. Oògùn ọmọdé ṣáà ni." Ó yẹ kó dúró níbẹ̀, kó sì ké sí ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé ẹ̀rọ náà ń pa ọmọ létí, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ ló ṣẹ. Obìnrin náà gbà kí oògùn wọ ọmọ rẹ̀ lára ju kí òun gbọ́ "ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀" lọ. Ẹ má ṣe yára dá a lẹ́jọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ẹ kọ́kọ́ rántí ohun tí ẹ̀yin náà ti fi pa mọ́ nítorí kí ẹnu ẹnìkan má baà borí tiyín.

Ìdajì di odindi. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ di ọjọ́ márùn-ún, torí ìdákẹ́jẹ́ ti mọ́ ọn lára. Kí Màmá Onígíláàsì tó dé, ọmọ á ti mu ún, á ti máa tòògbé. Màmá á jókòó ti ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀. Kí ọwọ́ má baà dilẹ̀, aránṣọ á kó bọ́tìnì fún un pé kó bá òun gán an mọ́ aṣọ. Màmá á gán an, á fi òwú kọjá lórí ara wọn ní àgbélébùú, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nígbà èwe.

Á ní, "Ojú mi mẹ́rin, méjì ló ń ṣiṣẹ́. Bí bọ́tìnì bá wọ́, bá gíláàsì wí."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Màmá á wo ibùsùn, á mi orí. "Ọmọ yìí ń sùn jù. Kì í fà mí lọ síbi ẹ̀rọ mọ́. Ṣé o rí i?"

"Ó ń dàgbà ni, Màmá."

"Hùn-ùn," ni Màmá wí.

Bí ìgò bá tán, aránṣọ á tì í sísàlẹ̀ àpò tó ń kó àjákù aṣọ sí, kó lè rí i dà nù nígbà tí ọkọ kò bá sí nílé. Ìgbà méjì ló ṣàkíyèsí pé ìgò tó wà nínú àpò kò ní ìdérí mọ́. Kò kà á sí.

Ìwé kan wà tí olùkọ́ ilé ìwé ọmọ náà fi ń bá ilé sọ̀rọ̀. Ìwé àlọ-àbọ̀ ni wọ́n ń pè é. Olùkọ́ á kọ ohun tí ọmọ ṣe níléèwé, ẹni tó bá mú un lọ́sàn-án á kọ ohun tó jẹ àti bó ṣe sùn, torí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò lè ròyìn. Ẹni tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀ ni yóò kọ ọ́, òfin ìwé náà kò ju ìyẹn lọ. Màmá á fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́: Ó SÙN LÁTI AAGO MÉJÌ DI AAGO MÁRÙN-ÚN. MI Ò MỌ ÌDÍ RẸ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aránṣọ á fi ọwọ́ tó dára kọ ọ́: Ó ṣeré, ó jẹun, ó sùn díẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, olùkọ́ ránṣẹ́ pe bàbá àti ìyá. Ó ṣí ìwé náà síwájú wọn.

Ó ní, "Ọmọ yín ń sùn lórí tábìlì. Nǹkan tó ń tò tẹ́lẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ń gba ìdajì wákàtí. Mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ tí wọ́n ń fún ní oògùn oorun rí."

Káfíńtà fi ìka tọ ìlà ìwé. Kì í ṣe òpè. Ọjọ́ Ajé, wákàtí mẹ́ta. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sùn díẹ̀. Ọjọ́rú, wákàtí mẹ́ta. Ọjọ́bọ̀, ó sùn díẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, wákàtí mẹ́ta àbọ̀.

Ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀. "Ọjọ́ tí Màmá bá wà nìkan ni. Ta ló ń fún un ní nǹkan mu lọ́jọ́ wọ̀nyẹn?"

 Ẹni tó kọ òótọ́ sínú ìwé ni ìwé fẹ́ pa. Ẹni tó kọ irọ́ ni ìwé dá láre. Ọ̀rọ̀ kan péré, "èmi ni," ìbá tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Aránṣọ ní, "Màmá ló máa ń bu omi fún un."

Òótọ́ sì ni. Màmá máa ń bu omi fún un. Òótọ́ tí èèyàn fi ṣe aṣọ fún irọ́ burú ju irọ́ tó wà níhòòhò lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà kò jẹ́ kí Màmá wọlé. Kò pariwo. "Màmá, ẹ má bínú, ẹ má wá mọ́. Oògùn tí ẹ̀ ń fún ọmọ mi, mo ti mọ̀."

Màmá yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, bí ẹni tó fẹ́ rí ẹni tó sọ̀rọ̀ náà dáadáa.

"Ọdún méjìlélógún ni mo fi fọ ilẹ̀ láàárín ìgò oògùn," ni ó wí. "Ẹyọ kan kò sọnù lọ́wọ́ mi." Ó wo aránṣọ tó dúró lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. "Ìyàwó, ìwọ kò ní ohun tó o máa sọ?"

Aránṣọ ń wo ilẹ̀.

Màmá fa abẹ́rẹ́ kan yọ lára kọ́là aṣọ rẹ̀, ó nà án sí i. "Tìẹ ni. Mo gbàgbé dá a padà nígbà tí mo wá kẹ́yìn." Ó yí padà, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fọwọ́ ra ògiri. Láàárín ọjọ́ méjì, obìnrin méjì mìíràn ládùúgbò tó ń gbé ọmọ wọn tì í ti dẹ́kun.

Ẹ̀rù ba aránṣọ, ó pa oògùn tì fún ọ̀sẹ̀ kan. Igbe padà dé. Orí tún ń gbá ògiri. Iṣẹ́ kò rìn. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti kó ogójì aṣọ lọ sí ilé ìwòsàn, ogún tó kù ni wọ́n ń retí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, etí méjìlá nínú wọn kò sì tíì di gbígbá. Ó bu odindi ìdérí kan sínú ife búlúù. Ó wo aago. Ó tún bu ìkejì.

Ọmọ náà mu ún tán. Ó gbẹ́kẹ̀ lé ife rẹ̀.

Káfíńtà tètè dé lọ́jọ́ yẹn. Ó ní torí pé Màmá kò sí mọ́, òun fẹ́ mú ọmọ rìn jáde díẹ̀. Ó wọ yàrá, ó pè é. Ó gbọn apá rẹ̀. Ó gbé e, orí ọmọ náà wó sẹ́yìn bíi ti ọmọlangidi.

"Pa ẹ̀rọ yẹn," ni ó wí. Ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́. Káfíńtà fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri. "Ọmọ ò jí. Bọ́ síta, ká lọ."

Ilé ìwòsàn tó gbé iṣẹ́ fún un náà ni wọ́n sáré lọ, òpópónà mẹ́ta péré sí ilé. Nọ́ọ̀sì àgbà kan gba ọmọ, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ó ṣí ojú rẹ̀ wò, ó gbọ́ èémí rẹ̀.

"Kí ló mu?"

"Omi," ni aránṣọ wí.

"Omi nìkan?"

"Ó jẹ búrẹ́dì."

Nọ́ọ̀sì dúró síwájú rẹ̀. "Ìyá, gbọ́ mi. Bí mo bá mọ ohun tó mu, mo mọ ohun tí a máa ṣe. Bí mi ò bá mọ̀, inú òkùnkùn la ti ń táràrà, èémí ọmọ yìí kò sì já gaara. Kí ló mu?"

Aránṣọ kò lè wo ojú rẹ̀. Ó sọ ojú sílẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sórí àyà obìnrin náà. Iṣẹ́ ọwọ́ òun ni aṣọ tó wọ̀. Bọ́tìnì kejì láti òkè, òwú rẹ̀ kọjá lórí ara wọn ní àgbélébùú.

Màmá ló gán an. 

Lórí ibùsùn, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, ó ń ju ọwọ́ láìlajú. Iná yàrá náà àti ọwọ́ àwọn àjèjì ti mú un. Nọ́ọ̀sì ní, "Ṣé ó ní nǹkan kan tó máa ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀? Ẹ lọ gbé e wá, kíá."

Aránṣọ fò dìde. "Ẹ jẹ́ kí n lọ." Ìgò ṣì wà lórí tábìlì ìránṣọ, abẹ́ aṣọ ló wà. Ìyẹn ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ọmọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn, ìgò ló ń rò.

"Jókòó ti ọmọ," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà tó padà dé, àpótí pẹlẹbẹ náà wà lábíyá rẹ̀. Ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ọmọ, ó ṣí i. Kò sí bọ́tìnì níbẹ̀ mọ́, kò sí róòlù òwú. Ìdérí pupa ló wà níbẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ iléèwé. Méje ni. Inú àpò àjákù ni Atòlẹ́sẹẹsẹ ti ń ṣà wọ́n láti ọjọ́ yìí, èyí tó kẹ́yìn ni ó ṣí lára ìgò orí tábìlì kí oorun tó gbé e lọ.

Káfíńtà mú ìkeje. Ó lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó fi í sí imú, ó nà án sí nọ́ọ̀sì, òun náà gbóòórùn rẹ̀.

"Oògùn ọ̀fìnkìn nìyí," ni nọ́ọ̀sì wí.

Káfíńtà ní, "Ó ṣì tutù."  "Màmá ti kúrò nílé wa lọ́jọ́ mẹ́sàn-án." Kò wo ìyàwó rẹ̀. "Ta ló bu èyí?"

"Èmi ni."

"Mélòó?" Nọ́ọ̀sì ló bi í.

"Ìdérí méjì. Ní aago kan àbọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́sẹ̀ márùn-ún."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó jáde lọ pe dókítà. Kò bú u. Ká ní ó bú u ni, ìbá sàn.

Wọ́n tọ́jú ọmọ náà títí di àárọ̀, ó sì yè. Ìgbà tí dókítà ní ewu ti kọjá ni káfíńtà tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rọ yẹn ni, àbí?"

"Ẹ̀rọ yẹn ni."

"Mo ní igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Pákó méjì péré ni mi ò bá sún." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Pákó méjì. O sì jẹ́ kí n lé ìyá arúgbó bí olè."

Wọ́n jọ lọ bá Màmá. Aránṣọ kúnlẹ̀ síta, lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn ará àdúgbò ti lè rí i, torí ìta ni wọ́n ti dójú ti Màmá. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò dín in kù. Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní òun náà kò béèrè kí òun tó dájọ́.

Màmá gbọ́ tán. "Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti ń jẹun, Màmá."

"Má tíì pè mí ní Màmá. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ dìde, ilẹ̀ yẹn dọ̀tí." Ó tún gíláàsì rẹ̀ ṣe. "Èmi á padà wá nítorí ọmọ. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn, orúkọ mi wà nínú rẹ̀. Mú un, kí o fi ọwọ́ ara rẹ tún un kọ, ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Kí olùkọ́ kà á."

Aránṣọ tún un kọ. Lábẹ́ gbogbo MI Ò MỌ ÌDÍ RẸ̀ ló ti kọ: Èmi ìyá rẹ̀ ni mo fún un ní oògùn. Àyè inú ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó parí rẹ̀. Olùkọ́ kà á níwájú rẹ̀ láìyọ ojú ewé kan sílẹ̀.

Ẹ̀rọ tuntun ti wà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà báyìí, òun àti ayùn ni wọ́n jọ ń pariwo. Ìyá òkè ń ráhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọmọ bá ké. Aránṣọ ti kọ́ láti dá a lóhùn: "Ọmọ mi ló ń sọ̀rọ̀, Mà." Ọmọ náà tún ti ń fa ìyá rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta.

Nǹkan kan ló kù. Bí Màmá bá gbé ife búlúù fún Atòlẹ́sẹẹsẹ, á gbà á, á mu ún. Bí bàbá rẹ̀ bá gbé e fún un, á mu ún. Bí olùkọ́ ni, á mu ún. Bí ìyá rẹ̀ bá gbé e fún un, á kọ́kọ́ gbé e sí imú, á gbóòórùn rẹ̀ pẹ́, á wá wo ojú ìyá rẹ̀, òun tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Aránṣọ kì í kán an lójú. Á di ìsàlẹ̀ ife náà mú, á dúró.